Pentax K1000: kámẹ́rà tó máa fipá kọ́ yín níṣẹ́

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ya fọ́tò ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà n'Íbàdàn kí n tó mọ̀ pé mi ò mọ ìmọ́lẹ̀ rárá. Kámẹ́rà dígítà mi ló mọ̀ ọ́n. Èmi ń tẹ bọ́tìnnì, tí mo bá délé màá fi kọ̀ǹpútà tún ojú àwọn èèyàn ṣe, màá sì sọ fún oníbàárà pé bí mo ṣe ń ya tèmi nìyẹn.

Ọdún tó kọjá ni mo ra Pentax K1000, kámẹ́rà tó ń lo fíìmù, àlòkù. Ọdún 1976 ló jáde, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1997. Òun ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní fọ́tò yíyà. Irin ni ara rẹ̀, ó wúwo lọ́wọ́. Kò sí ohun tó ń dá ṣe. Ẹ̀yin lẹ máa yí lẹ́ńsì títí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yà á fi mọ́, ẹ̀yin lẹ máa pinnu bí ihò rẹ̀ ṣe máa là tó, àti bí ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ ṣe máa ṣí pẹ́ tó kó tó padé, láti ìṣẹ́jú-àáyá 1 dé ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Bátìrì kékeré kan wà nídìí rẹ̀, àmọ́ abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ló wà fún. Bí bátìrì kú, kámẹ́rà ṣì ń yà.

Abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló kọ́ mi. Tó bá dúró sáàárín, ìmọ́lẹ̀ tó. Tó bá lọ sókè, ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà níwájú ló ń wọ̀n pọ̀. Mo ya ìyá ọkọ mi nínú léèsì funfun, abẹ́rẹ́ dúró sáàárín. Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù, léèsì ti rí bí eérú, ojú Màmá ò sì hàn. Léèsì ló tan abẹ́rẹ́ jẹ. Mo padà lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún jókòó fún mi. Mo sún mọ́ wọn títí ojú wọn fi kún inú kámẹ́rà, mo wọn ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, mo dín in díẹ̀, torí àwọ̀ dúdú náà ń tan abẹ́rẹ́ jẹ, lọ́nà tiẹ̀. Mo wá fẹ̀yìn rìn padà, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Fọ́tò yẹn ló wà lára ògiri pálọ̀ wọn báyìí. Ẹ lè ka àbàjà ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè rí ihò léèsì.

Àwọn kan ní ẹ̀bùn ni fọ́tò, kéèyàn ṣáà máa ya ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Mi ò gbà. Ọmọ Àyàn ni wọ́n nílé ìyá mi. Omele lọmọdé ń lù títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dúró kí wọ́n tó gbé ìyáàlù fún un kó fi sọ̀rọ̀. J.D. 'Okhai Ojeikere, tí ayé mọ̀ nítorí fọ́tò irun dídì, ìdí fọ́tò fífọ̀ nínú yàrá òkùnkùn ló ti ṣiṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn níbí ní 1954. Ọdún 1968 ló tó bẹ̀rẹ̀ fọ́tò irun yẹn. Ẹ wo bí òwú kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́ nínú wọn!

Ó ní àléébù. Abẹ́rẹ́ ò ní bọ́tìnnì tẹ́ ẹ máa fi pa á, àfi kẹ́ ẹ máa dé lẹ́ńsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bátìrì á tán. Fíìmù àti owó fífọ̀ rẹ̀ wọ́n. Fíìmù mi àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ kọ́ mọ́ irin inú rẹ̀, mo ya fọ́tò 36 sí òfìfo, fọ́tò ìsàmì ọmọ àbúrò mi ló bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá ti ń fa ọwọ́ rẹ̀ láti yí fíìmù, ẹ máa wo bọ́tìnnì róbótó tó wà lápá òsì lókè: tí kò bá bá a yí, fíìmù ò rìn nìyẹn.

Ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì, òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yí i sí ìṣẹ́jú-àáyá 1, ẹ gbé ojú rẹ̀ sí fèrèsé, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kó dúró díẹ̀ kí ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ tó padé. Tó bá ṣẹ́jú lásán, ẹ dá a padà fún wọn.