Aṣọ carbon fiber fún ike inú ọkọ̀
Aṣọ carbon fiber tí mo rà ní Ìkòròdú láti fi bo àwọn ike inú ọkọ̀ mi dára púpọ̀ ju sítíkà tí wọ́n ń tà káàkiri lọ, nítorí pé okùn carbon gidi ni wọ́n fi hun ún, ó sì ń dán yinrin nígbà tí oòrùn bá tàn sí i. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sáńpépà ha ojú ike náà, kí ó kùn ún ní ọ̀dà dúdú, kí ó tó fi epoxy, ìyẹn àtè olómi méjì tí a máa ń pò pọ̀ kí ó lè gan, lẹ aṣọ mọ́ ọn. Ooru ìlú wa máa ń mú kí epoxy tètè gan, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó. Ibi tó ṣòro jù ni etí ihò ọ̀pá jíà: bí ẹ bá fa aṣọ náà jù níbẹ̀, ìlà híhun rẹ̀ á wọ́, kò sì sí bí a ṣe lè fi àbùkù náà pamọ́. Inú mi dùn pé òǹtajà náà fi téèpù di etí aṣọ kí ó má baà tú. Ṣùgbọ́n kò fi ìbọ̀wọ́ tàbí ìbomú kún un, èyí tí kò dára rárá, torí pé epoxy a máa ba awọ ara jẹ́.