Ariwo timing chain Corolla mi àti ilé iṣẹ́ tí ó rí ìdí rẹ̀ ní Àpò, Àbújá

Láàárọ̀ ọyẹ́, bí mo bá ti ṣíná Toyota Corolla mi ti ọdún 2005, ariwo kan máa ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì bí ìgbà tí ọmọdé ń mi owó ẹyọ nínú agolo mílíìkì, á sì dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ní Kubwa fetí sí i nígbà tí ó ti gbóná, kò gbọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ ó ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀. Bí mo ṣe dé abúlé àwọn mẹkáníìkì ní Àpò nìyẹn.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí mo bá níbẹ̀, àgbàlagbà kan láti Ọ̀fà, kò dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ di àárọ̀, àbúrò mi. Ẹ́ńjìnì tó ti gbóná kì í jẹ́wọ́." Ó ṣàlàyé pé timing chain, ẹ̀wọ̀n irin tó wà nínú ẹ́ńjìnì, ló ń pariwo: agbára ọ́ìlì ni tẹ́ńṣọ́nà, ẹ̀yà kékeré tí kì í jẹ́ kí chain náà dẹ̀, fi ń nà án, bí ọ́ìlì bá ti ṣàn kúrò nínú rẹ̀ lóru, chain á dẹ̀, á sì máa gbá ara ohun tó yí i ká títí ọ́ìlì yóò fi gòkè padà. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi kí ẹnikẹ́ni má baà ṣíná.

Lọ́jọ́ kejì, ó kọ́kọ́ wo ọ́ìlì, ó ti wálẹ̀ kọjá àmì ìsàlẹ̀, ó sì bá mi wí gidigidi kí ó tó bu sí i. Lẹ́yìn náà ó tú fáànù bẹ́líìtì, kí a má baà ka ariwo alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná, mọ́ ti chain, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ tó ìṣẹ́jú kan, nítorí bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí pọ́ǹpù omi. Ó fi ẹnu screwdriver gígùn kan ti ìderí chain, ó ki ìdí rẹ̀ sí etí, ó sì fún èmi náà ní ọ̀kan. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ ṣíná, ariwo náà dún wọ inú orí mi.

Ọ̀gá ní tẹ́ńṣọ́nà ni a ó pààrọ̀. Nọ́ọ̀tì méjì péré ló dè é mọ́ ara ẹ́ńjìnì, láti ìta. Ọ́ìlì ti yí i ká, òrùka rọ́bà rẹ̀ sì ti gan. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ yí ẹ́ńjìnì nígbà tí tẹ́ńṣọ́nà kò sí nípò rẹ̀, ọ̀gá sì jágbe mọ́ ọn, nítorí chain lè fo eyín lórí jíà tó gbé e. Nígbà tí ó fẹ́ fi tuntun sí i, ó ti orí rẹ̀ wọlé, ó fi ìkọ́ rẹ̀ há a. Lẹ́yìn tí ó dè é tán ni ó wá fọwọ́ yí crankshaft, ọ̀pá ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, sí òsì díẹ̀ kí ìkọ́ náà lè tú.

Iṣẹ́ náà mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò mọ àkókò rárá: aago méje tí a dá, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ni ọ̀gá dé, orí àga bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan lábẹ́ tapólì ni mo sì jókòó sí. Ìwé ẹ̀rí owó pàápàá, àfi ìgbà tí mo fi agídí béèrè.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Lọ́jọ́ tí òtútù bá mú gan-an, mo ṣì ń gbọ́ ṣàkàṣàkà ẹ̀ẹ̀kan, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀gá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí kò bá lọ tán, òun yóò tú ìderí láti wọn chain fúnra rẹ̀, iye tí ìyẹn yóò jẹ sì wà lẹ́yìn ìwé tí mo fi agídí gbà.