Korobá oní-rọ̀binẹ́ tí mo fi ń pọn bíà, ẹ tú rọ̀binẹ́ ẹ̀ wò o

Korobá ike lítà 30 tó ní rọ̀binẹ́ nísàlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà fáwa tá à ń pọn bíà nílé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó níbí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo). Ike ẹ̀ nípọn, ìdérí ẹ̀ dé dáadáa, n ò rí nǹkan kan sọ síyẹn. Rọ̀binẹ́ ẹ̀ ni wàhálà.

Bíà mi kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kan ni. Tó bá jẹ́ tchoukoutou, ọtí ọkà bàbà tí wọ́n ń mu ní Ṣábẹ̀ẹ́, ni, kíkan yẹn la fẹ́, kòkòrò tíntìntín kan tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus ló ń ṣe é, àwọn ẹbí ẹ̀ náà ló ń ṣe yáọ̀tì, ṣùgbọ́n bíà ọkà báálì tó bá kọ lù ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn kan ní ooru ni, àwọn kan ní ìwúkàrà tí mo rà ti gbó. Mo wá bu díẹ̀ látòkè, ṣíbí tí mo ti bọ̀ ni mo fi bù ú o, mo fa díẹ̀ láti rọ̀binẹ́, mo tọ́ wọn wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tòkè dára, ti rọ̀binẹ́ kan gan-an! Mo tú rọ̀binẹ́ náà palẹ̀, ẹ̀yìn rọ́bà róbótó inú ẹ̀ ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ibẹ̀ làwọn kòkòrò yẹn ń gbé, kò sí oògùn tó lè débẹ̀ tẹ́ ò bá tú u.

Tó bá jẹ́ pé òkè bíà ló ní awọ funfun, tó sì ń rùn bíi fínígà, afẹ́fẹ́ ló wọlé, ìdérí ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.

Ní báyìí, gbogbo ìgbà tí mo bá pọn tán ni mo ń tú u, ọṣẹ àti omi gbóná kọ́kọ́, torí oògùn ò lè pa ohun tí ìdọ̀tí bò. Lẹ́yìn náà ni Star San, ìyẹn oògùn apakòkòrò, mílílítà 30 sínú omi lítà 19, ìṣẹ́jú kan sí méjì ti tó, ẹ má ṣan án, fófòó ẹ̀ ò ṣe bíà ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ń lo jáfẹ́ẹ̀lì, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ fi omi tó ti hó ṣan án dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bíà á máa rùn bí ilé ìwòsàn. Ẹ má sì fi kànìnkànìn onírin kan inú korobá yẹn láéláé, ibi tó bá ti họ, kòkòrò á sá sí i.

Ṣé kẹ́ ẹ rà á? Ẹ rà á, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ tú rọ̀binẹ́ ẹ̀ lójú yín. Èyí tí ò bá ṣeé tú, ẹ fi sílẹ̀ fún un, ẹ ra èyí tí ò ní rọ̀binẹ́ rárá kẹ́ ẹ máa fi rọ́bà fa bíà yín látòkè.