Mo sanwó àgbáyun, wọ́n gbé Ixora wá

Ixora, igi òdòdó kan, ni ọgbà òdòdó kan ní Ìbàdàn fi ránṣẹ́ sí mi, tí wọ́n sì lẹ ìwé pélébé tí wọ́n kọ "àgbáyun" sí mọ́ ara ọ̀rá dúdú tí wọ́n gbìn ín sí. ₦8,000 ni mo san. Ixora tí ó ga tó bẹ́ẹ̀, ₦1,000 ni wọ́n ń tà á nínú ọgbà kan náà, mo rí iye owó rẹ̀ lára pátákó. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Igi ilẹ̀ wa ni mo ń wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé iwájú ilé, igi kékeré tí yóò pẹ́ kí ó tó bo fèrèsé. Ẹni tí ó bá rò pé ìyẹn rọrùn láti rí, kí ó lọ yẹ àwọn ọgbà ẹ̀bá títì wò. Íńdíà ni Ixora ti wá, Brazil ni bougainvillea ti wá, kódà lápálàpá tí àwọn bàbá wa fi ṣọgbà yí ilé ká, láti Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀ wá. Pèrègún jẹ́ tiwa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà lẹ́yìnkùlé mi. Akòko náà jẹ́ tiwa, òdòdó rẹ̀ sì wù mí, àmọ́ igi tí ó lè ga ju òrùlé lọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbìn sábẹ́ fèrèsé. Àgbáyun ni ó kù: igi inú igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìbátan àgbálùmọ̀, tí kì í wọ́wé tán, tí kì í yára dàgbà, tí ó sì ń so èso pupa wẹ́wẹ́ tí gbogbo wa mọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu: ó ń mú kí ohun kíkan dùn.

Ọmọbìnrin tí ó ń tajà níbẹ̀ kò fẹ́ kí n rà á. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ mú Ixora, òdòdó rẹ̀ kì í tán. Àgbáyun ò lẹ́wà." Mo ní àgbáyun ni mo fẹ́. Ó ní kò sí èyí tí ó wà níta, ṣùgbọ́n bí mo bá ti sanwó, wọn yóò gbé e wá bá mi nílé. Mo fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ó sì di ìrọ̀lẹ́, ọlọ́kadà kan gbé igi dé, ó sì gba owó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ewé ni mo kọ́kọ́ wò. Ewé Ixora máa ń kọjú síra ní méjì-méjì lórí ẹ̀ka. Ti àgbáyun kì í rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ó máa ń ṣù jọ sí ṣóńṣó ẹ̀ka, tí ewé kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ lápá òkè ju ìdí rẹ̀ lọ. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọmọbìnrin náà dáhùn pé, "Àgbáyun ni, mọ́mì. Ó ṣì kéré ni, ewé ẹ̀ máa yí padà tó bá yá." Mo bi í pé báwo ni ewé tí ó ti kọjú síra yóò ṣe dìde kúrò níbi tí ó hù sí. Ó fi àwòrán ojú tí ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́ sí mi.

Ọ̀gá rẹ̀ ni ó pè mí lẹ́yìn náà. Kò kí mi. Ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Màmá, ọdún mélòó lẹ ti ń ta òdòdó?" Mo ní n kò ta òdòdó rí, ṣùgbọ́n mo ti jẹ àgbáyun láti kékeré. Ó ní ọjà tí ó bá ti kúrò lọ́gbà àwọn kì í padà, owó kì í sì í padà. Mo wá sọ fún un pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé n ó gbé Ixora rẹ̀ wá ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn oníbàárà bá pọ̀, n ó sì jókòó tì í, kí gbogbo wọn bá mi wò ó. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun yóò rán bàbá sí mi.

Bàbá yìí ni ó ń bomi rin igi níbẹ̀, òun sì ni ó ń mú un hù. Ó gbé àgbáyun lé itan lórí ọ̀kadà wá. Bí ó ti rí ìwé pélébé yẹn, ó kàn ní, "Ta ló kọ eléyìí?" ó sì ya á dànù. Ó tú èso pípọ́n méjì jáde láti inú ewé tí ó fi dì wọ́n wá, ó ní kí n mú ọsàn wẹ́wẹ́ wá. Mo fi èso náà ra ẹnu dáadáa, mo tu kóró rẹ̀ sílẹ̀, mo sì mu ọsàn wẹ́wẹ́ náà tán láì fajú ro. Purotéènì kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ní miraculin ní ọdún 1968 ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà: ó ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, bí ohun kíkan bá sì ti kàn án, adùn ni ahọ́n yóò gbọ́, èyí sì lè tó wákàtí kan. Bàbá kò bá mi sọ èyí. Ó ní ìyá òun máa ń jẹ ẹ́ kí ó tó mu ògì tí ó ti kan jù. Ohun tí Daniell, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ sílẹ̀ nípa àgbáyun ní ọdún 1852 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ó ní àwọn ènìyàn máa ń fi í mú kí oúnjẹ àgbàdo kíkan àti ẹmu dùn.

Ó bu erùpẹ̀ nínú ihò tí wọ́n ti gbẹ́ dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fọ́ ọ lọ́wọ́, ó sì fi ègé sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ hàn mí. Ilẹ̀ tí ó kan díẹ̀ ni àgbáyun fẹ́, sìmẹ́ǹtì sì ń sọ ilẹ̀ di òdì kejì rẹ̀, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbẹ́ ihò mìíràn ní ìhà kejì fèrèsé, níbi tí òjìji igi máńgòrò máa ń dé lọ́sàn-án, ó sì fi ilẹ̀dú tí ó dì wá kún un. Ó kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ da ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i, àti pé bí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ. Ó tún ṣàlàyé ìdí tí àgbáyun fi wọ́n: kóró rẹ̀ kì í ṣeé tọ́jú, bí ó bá ti gbẹ, kì í hù mọ́, nítorí náà ẹni tí kò bá ní igi tí ń so nítòsí kò lè rí i gbìn.

Bàbá kò tíì dé ọgbà tí ọ̀gá rẹ̀ fi ní kí n san ₦1,500 owó ọkọ̀ bàbá, kí n sì dá Ixora òun padà. Mo ti fún bàbá ní ju ìyẹn lọ lọ́wọ́, Ixora sì ti bá a lọ. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó sọ fún mi pé ẹ máa bínú. Ohun tí ó tún wọlé láti ọ̀dọ̀ wọn ni pé kí n lọ fún àwọn ní ìràwọ̀ 5.

Igi náà ti yọ ewé tuntun ní gbogbo ṣóńṣó rẹ̀. Kò tíì tanná, n kò sì retí rẹ̀ báyìí, nítorí pé èyí tí a bá fi kóró gbìn sábà máa ń tó ọdún 3 tàbí 4 kí ó tó so. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní kí n bá òun ra ọ̀kan, ibẹ̀ náà ni n ó sì ti rà á, ṣùgbọ́n bàbá ni n ó pè.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5.