Ife Ìdàpọ̀ Onídèérí Méjì: Ó Mọ́ Tónítóní, Àmọ́ Ìrẹ́pọ̀ Ìdí Oúnjẹ Ńkọ́?

Ife ike kékeré tí wọ́n ti rọ omi èso àjàrà sí láti ilé iṣẹ́ ti ń wọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ìdérí méjì ló ní. Fífẹ́lẹ́ òkè ló bo búrẹ́dì pẹlẹbẹ, èyí tó nípọn lábẹ́ rẹ̀ ló sé omi àjàrà mọ́. Ó yá láti pín, kò sì ní fífọ̀ bíi ti àwọn ife inú tíréè oníhò 40.

Ṣíṣí rẹ̀ ni wàhálà. Etí ìdérí méjèèjì máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá fà wọ́n pọ̀, búrẹ́dì á bọ́ sílẹ̀, omi àjàrà á ta sí léèsì funfun. Kí àwọn díákónì fi èékánná ya etí méjèèjì kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá fún àwọn àgbà. Ìdí ife ni kí a dì mú; bí a bá fún ike náà láàárín, omi á tú jáde. Ẹ má fi páálí rẹ̀ sílẹ̀ nínú bútù ọkọ̀ tó ń gbóná, ẹ sì má pín èyí tí ìdérí rẹ̀ bá ti wú.

Ohun tó ká wa lára jù ni pé kálukú ń ṣí tirẹ̀, kálukú ń mu tirẹ̀, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tí Pọ́ọ̀lù bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí sí gan-an nìyẹn: olúkúlùkù ń jẹ tirẹ̀, ebi ń pa ẹnì kan, ẹnì kejì ti mutí yó. Didache, ìwé ìlànà àwọn Kristẹni ìgbàanì, ní orí 14 rẹ̀ ní kí ìjọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí wọ́n tó bu búrẹ́dì, kí àwọn méjì tó ń jà má sì dara pọ̀ títí wọ́n á fi parí ìjà. Ọ̀rọ̀ àwọn Júù kò jìnnà sí i. Mishnah, àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu wọn tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi, sọ pé Ọjọ́ Ètùtù kò lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn ṣẹ ọmọnìkejì rẹ̀ títí yóò fi bẹ̀ ẹ́ tí inú onítọ̀hún á yọ́. Ó tún ní kí ẹni mẹ́ta tó bá jọ jẹun jọ dúpẹ́. Ní Qumran, ibùdó ìjọ Júù ìgbàanì kan létí Òkun Òkú, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nípa ohun ìní rẹ̀, ọdún kan ni kò fi ní bá ìjọ jẹ oúnjẹ mímọ́ wọn.

Jésù ní tirẹ̀ kò dúró de àtúnṣe: ó kọ́kọ́ wọ ilé Sákéù agbowó orí, àwọn èèyàn ń kùn, ìgbà náà ni Sákéù dìde tó ní òun á san ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí òun bá ti rẹ́ jẹ. Bẹ́ẹ̀ ohun tí òfin Léfítíkù ní kí ẹni tó bá jẹ́wọ́ san padà fún ẹni tó rẹ́ jẹ kò ju owó náà àti ìdá márùn-ún rẹ̀ lọ.

Ìlú tí wọ́n ti ń jọkà kí wọ́n tó mùkọ yangan mọ̀ pé oníjà méjì kì í tọwọ́ bọ àwo kan náà. Torí náà, kí pásítọ̀ kéde oúnjẹ yìí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí àyè ìpẹ̀tù wà. Ìjọ tí kò bá ju 100 lọ, búrẹ́dì kan ṣoṣo ló dára jù: ẹ bù ú lójú gbogbo èèyàn, kí ẹ tó gé ìyókù. Ègé 12, tí a bá gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́sàn-án, á tó ẹni 108. Ẹ má gé e sílẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú ìsìn, torí ọyẹ́ máa ń sọ búrẹ́dì àná di ẹ̀rúnrún.

Ibi tí ife yìí ti wúlò jù ni ilé aláìsàn. Méjì nínú àpò ti tó, ọ̀kan fún aláìsàn, ọ̀kan fún ẹni tó wá wò ó, kí wọ́n jọ ṣí i.