Ráútà oní-ẹ̀ríàlì mẹ́fà àti wáyà mítà 20: èwo ló gbà mí lọ́wọ́ àbúrò mi?

Gémù bọ́ọ̀lù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń dúró lójú kan ló sún mi ná owó. Ráútà (ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé) tí mo rà ládùúgbò Queen Cinema, ní Ìbàdàn níbí, ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ₦78,000 ni. Wáyà LAN, tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì láti ráútà dé ìdí ẹ̀rọ, tí mo wá rà lẹ́yìn ẹ̀, mítà 20, ₦9,500. Tí oorun bá ń kùn yín, ẹ má wulẹ̀ kà á parí: wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní sùúrù díẹ̀, ohun kan wà tí ráútà yẹn ṣe tí wáyà ò lè ṣe, ìbéèrè kan sì wà tó yẹ kí ẹni tó tà á fún mi bi mí kó tó gbowó, tí kò bi mí.

Bí ilé wa ṣe rí rèé. Àkóbọ̀ là ń gbé, fúláàtì oníyàrá mẹ́ta. Àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì fáíbà tí wọ́n fà wọlé fún wa wà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò tó kọjú sí títì. PS4 mi, ẹ̀rọ tí mo fi ń gbá gémù, wà ní yàrá ẹ̀yìn pátápátá. Ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ló wà láàárín wọn, pẹ̀lú fíríìjì, pẹ̀lú dígí gígùn tí ìyàwó mi fi ń wo ara ẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. PS4 náà, tòkunbọ̀ ni, irú àkọ́kọ́ tó jáde ní 2013. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn. Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́ Sátidé, èmi àti àbúrò mi tó wà ní Leeds máa ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti lọ sílùú Òyìnbó, ibẹ̀ la ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ tó dùn. Orí fóònù, owó ilé àti oògùn màmá wa là ń sọ.

Ó wá di pé tí mo bá ti gbé bọ́ọ̀lù dé iwájú ilé ẹ̀, gbogbo nǹkan á dúró gbagidi. Àwọn èèyàn mi á máa sáré lójú kan náà bí ẹni tí ẹrẹ̀ gbá lẹ́sẹ̀ mú. Kí wọ́n tó jí padà, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n tèmi. Àbúrò mi á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé NEPA ni àbí ọjọ́ orí?"

Ilé iṣẹ́ fáíbà ni mo kọ́kọ́ kọjú ìjà sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè wọ́n lọ́sẹ̀ kan. Ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù ní kí n pa àpótí náà, kí n ka ọgbọ̀n, kí n tún un tàn. Ó ní kí n fi fóònù mi wọn bó ṣe ń sáré sí. Mo wọ̀n ọ́n ní pálọ̀, ó gbé Mbps 38 wá. "Nẹ́tíwọ̀kì yín dáa o, sà," ló wí. Mo jágbe mọ́ ọn. Ojú ń tì mí báyìí tí mo bá rántí, torí òótọ́ lọmọ náà sọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé Mbps kọ́ ni wàhálà gémù. Mbps ni bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó. Ping ni bó ṣe pẹ́ tó kí ẹni tẹ́ ẹ rán níṣẹ́ tó lọ, kó sì padà dé; mílísẹ́kọ́ńdì, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, la fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn fẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ lọ bi ẹni tí tírélà ṣubú síwájú ẹ̀ ní Ìbàfò. Fíìmù tó mọ́ kedere lórí tẹlifíṣọ̀n lè gba bíi Mbps 5. Gémù bọ́ọ̀lù kì í sábà gba odidi Mbps 1. Iṣẹ́ kéékèèké ló ń rán, ṣùgbọ́n ó ń rán wọn láìdúró, ó sì fẹ́ kí kálukú dé lákòókò.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ping 20 sí ilẹ̀ Òyìnbó tàn yín jẹ. Wáyà MainOne tó gba abẹ́ òkun láti Portugal wá sí Èkó tó nǹkan bíi kìlómítà 7,000. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú fáíbà ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣírò ẹ̀: mílísẹ́kọ́ńdì 35 láti lọ, 35 láti bọ̀, 70 ti lọ nìyẹn kó tó kan Ìbàdàn, kó tó kan Leeds. Tí mo bá ping ẹ̀rọ kan ní London láti ilé wa, 110 sí 120 ló máa ń jẹ́, a sì ti fi ìyẹn gbá bọ́ọ̀lù láìsí ìjà. Ohun tó ń pa èèyàn ni kó máa fò: 115, 118, 340, 900, kó tún padà sí 116. Lóòótọ́, ọjọ́ kan wà tí ẹ̀bi jẹ́ ti abẹ́ òkun: March 14, 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, MainOne, WACS, ACE àti SAT-3, jọ já lẹ́bàá Abidjan. Irú ọjọ́ yẹn, ẹ lọ ta ayò. Àmọ́ gbogbo Sátidé kọ́ ni wáyà òkun ń já.

Mi ò ṣírò kankan nígbà yẹn o. Queen Cinema ni mo gbà lọ. Ẹni tó ta ráútà náà fún mi gbé e jáde látinú páálí bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Bọ̀ọ̀dá, èyí làwọn tó ń gbá gémù ń rà. Ẹ ka ẹ̀ríàlì ẹ̀, mẹ́fà! 5 GHz ló ń lò." Ó rí bí alákàn tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Mo sanwó.

Nígbà tí mo dé ilé, fóònù gbogbo wa yá, tẹlifíṣọ̀n màmá mi ò yí mọ́ tó bá ń wo fíìmù Yorùbá lórí YouTube. PS4 mi ńkọ́? Ìgbì méjì ni wáifáì ráútà yẹn ń gbà, 2.4 GHz àti 5 GHz, ṣùgbọ́n orúkọ wáifáì kan ṣoṣo ló ń rí, èyí tó jẹ́ 2.4. Mo wá èkejì títí aago méjìlá fi lù. Ẹ rántí 2013 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn? PS4 àkọ́kọ́ ò gbọ́ 5 GHz rárá. Láti orí Slim àti Pro tó jáde ní 2016 ni wọ́n ti fi sí i. Mo ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá fún adití. "PS4 wo lẹ ní?" Ìbéèrè kan ṣoṣo nìyẹn, ó sì lè gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó.

Ọ̀nà 2.4 yẹn sì ni gbogbo àdúgbò ń gbà. Mo fi áàpù kan wo ó lórí fóònù: wáifáì 17 ni mo rí láti yàrá mi, 11 nínú wọn ló kó jọ sórí channel 6, ìyẹn ìlà kan nínú ọ̀nà náà. Channel 1, 6 àti 11 nìkan ni wọn kì í gun ara wọn níbẹ̀, nítorí náà mo gbé tèmi lọ sí 11. Ó dín kù díẹ̀. Ó wá ku ohun kan tó yà mí lẹ́nu: ó ń burú jù ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, lójoojúmọ́. Asán ni gbogbo àròyé mi títí mo fi gbọ́ tí máíkírówéèfù dún "tín" ní kíṣìnì. Àkókò tí ìyàwó mi ń gbé ọbẹ̀ mi kaná nìyẹn! Ìgbì 2.4 yẹn gan-an ni máíkírówéèfù fi ń mú oúnjẹ gbóná. Bí ẹ̀fọ́ rírò ti ń yí nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ping mi ń yí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó ná kọ́bọ̀. Mo gbé láptọ́ọ̀pù lé orí PS4 gan-an, mo fi í sórí wáifáì 2.4 kan náà, mo sì tẹ ping -t, àṣẹ tó ń wọn ping láìdúró, pẹ̀lú nọ́ńbà ráútà wa, 192.168.0.1. Kì í ṣe London, kì í ṣe Èkó. Pálọ̀ ni. Ó ní 3, 5, 88, 214, ó ní "Request timed out", ìyẹn ni pé iṣẹ́ náà ò padà dé, ó tún ní 4. Iṣẹ́ tí mo rán ti ń ṣubú kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wa! Ilé iṣẹ́ fáíbà tí mo ti ń bú láti ọjọ́ yìí ò tíì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ni mo bá padà lọ ra wáyà. Cat6, orúkọ irú wáyà LAN kan, ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Mo fi abẹ fá ìdí ẹ̀ kan wò nígbà tó yá: ó pupa lókè, ó funfun nínú. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, kì í ṣe kọ́pà gidi. Fún mítà 20, kò dí mi lọ́wọ́. Tí ilé yín bá tóbi tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e kọjá lóde nínú oòrùn, ẹ wá ojúlówó. Mo kàn án mọ́ òkè ògiri láti pálọ̀, mo gbé e gba orí ilẹ̀kùn méjèèjì, mo sì kì í bọ ìdí PS4. Màmá mi jáde láti yàrá wọn, wọ́n wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé okùn aṣọ ni?" Lọ́jọ́ kejì, ìborùn wọn ti wà lórí ẹ̀.

Mo tún ping pálọ̀. "time<1ms". Ìlà kan, ìlà mẹ́wàá, ogún ìlà, kò yí padà. Mo jókòó mo ń wò ó bí ẹni tó ń wo òjò àkọ́rọ̀. London dúró sí 114, kò fò mọ́. Ìyàwó mi gbé ọbẹ̀ kaná, kò kan wáyà.

Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. PS4 ní "NAT Type 3", ìyẹn ni pé ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíì ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ti há, mi ò sì gbọ́ ohùn àbúrò mi. Àpótí ilé iṣẹ́ àti ráútà tuntun ló ń ṣe ọ̀gá lórí ara wọn. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Mo ní láti pe ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n fi tiwọn sí bridge, kó lè jẹ́ ráútà tèmi nìkan ni ọ̀gá. Ta ló gbé fóònù? Ọmọbìnrin tí mo jágbe mọ́. Mo tọrọ àforíjì, ó rẹ́rìn-ín, ó bá mi ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Type 2, èyí tó dáa, ló padà di.

Ibi tí ráútà náà ti gbé orí sókè ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọmọ àbúrò ìyàwó mi lórúkọ. Sátidé yẹn, tòun ti wáyà, bọ́ọ̀lù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Mo sáré sídìí láptọ́ọ̀pù. Ping sí ráútà, kò tó 1. Ping sí 8.8.8.8, ẹ̀rọ Google kan lóde, tó máa ń wà ní nǹkan bíi 20, ti di 640, 710. Fóònù ìyàwó mi ló ń kó fọ́tò àti fídíò ìsọmọlórúkọ lọ sí Google Photos, ó lé ní irinwó. Mbps 10 ni ààyè ìfiránṣẹ́ (upload) tí wọ́n fún wa, fóònù yẹn sì ti gbà á tán. Iṣẹ́ kékeré tí PS4 fẹ́ rán wá ń tò sẹ́yìn fídíò ìyá ọmọ níbi tó ti ń jó.

Wáyà ò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn. Ráútà ló ṣe é. Ibì kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní QoS. Mo kọ Mbps 8 síbi upload, mo sì ní kí PS4 máa ṣáájú. Ẹ má kọ 10. Tí ẹ bá jẹ́ kó kún dé ẹnu, inú àpótí ilé iṣẹ́ ni wọ́n á ti máa tò, níbi tí ráútà yín ò ti láṣẹ. Tí ẹ bá dín in kù díẹ̀, ọ̀dọ̀ ráútà yín ni wọ́n á tò sí, òun ló sì máa sọ ẹni tó ń kọjá. Fọ́tò ṣì ń lọ lọ́wọ́, 8.8.8.8 ò sì kọjá 45.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yí DNS, ohun tó ń bá wa wá àdírẹ́sì ojúlé, padà sí 1.1.1.1. Ìyẹn lè mú kí ojúlé tètè ṣí, kò kan bọ́ọ̀lù tó ti bẹ̀rẹ̀. Òmíràn ní kí n ra ohun tó ń gbé wáifáì síwájú. Ó máa gbọ́, ó máa tún un sọ, àkókò sì ń lọ.

Ìràwọ̀ wáyà, mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún. Mo yọ ààbọ̀ torí pé ahọ́n tó wà lórí ẹ̀ ṣẹ́ lọ́sẹ̀ kẹta. ₦500 ni mo fi tún un dè. Ráútà, mẹ́ta: QoS ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀ríàlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò ṣe PS4 mi ní nǹkan kan, ó sì ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Tí NEPA bá mú iná, ó ń gba ìṣẹ́jú méjì kó tó jí, nítorí náà mo ra bátìrì kékeré oní-fóòltì 12 sídìí ẹ̀. Ẹni tó ta ráútà fún mi, ìràwọ̀ kan, torí pé ó fún mi ní omi tútù.

Sátidé tó kọjá, mo na àbúrò mi ní mẹ́ta sí oókan. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì tòun ní Leeds ni kò dáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní kó lọ ping ráútà ẹ̀.