Ọdún mẹ́rin ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ elédè Faransé ti ìjọba ní Ontario: ohun tí ojú wa rí

Ìmẹ̀kọ ni mo ti wá, Kétu ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni ọkọ mi ti wá. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kò jìnnà rárá. Òyìnbó ló fa bodè sáàárín wa tí èmi fi ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, tí òun sì ka ti Faransé. Ìgbà tí a dé Ontario ní Kánádà ni bodè yẹn tún yọjú nínú pálọ̀ wa: ilé-ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ máa lọ?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà níbí ni ò mọ̀ pé oríṣi ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni owó ìjọba ń gbé ró: ti Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní ẹ̀sìn nínú, ti Gẹ̀ẹ́sì Kátólíìkì, àti méjì irú kan náà fún Faransé. Àjọ tó ń darí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ elédè Faransé jẹ́ 12, 4 péré nínú wọn ni kì í ṣe ti Kátólíìkì. Ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn ni ọmọ wa wà. A kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ ọdún 4 sì ti lè bẹ̀rẹ̀ ní maternelle, ìyẹn kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké.

Ẹ má ṣì í mú fún French immersion o. Ọ̀dọ̀ àwọn àjọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyẹn wà: tíṣà á fi Faransé kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà tó ń wá sílé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣeré. Lọ́dọ̀ tiwa, látọ̀dọ̀ akọ̀wé dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbálẹ̀, Faransé ni. Kíláàsì kẹrin ni wọ́n tó kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí nígbà náà, àṣé kò yẹ kó bà mí: tẹlifíṣọ̀n ti kọ́ ọ.

Ìgbàwọlé ló mú wa làágùn. Abala 23 nínú òfin ẹ̀tọ́ Kánádà ti 1982 fún ọmọ ìlú tí Faransé jẹ́ èdè àbínibí rẹ̀, tàbí tó fi Faransé ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí, lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ọmọ rẹ̀ wá. Àwa ò tíì di ọmọ ìlú, ìgbìmọ̀ ìgbaniwọlé ló kù tí a máa lọ bá. Wọ́n bi ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dáhùn wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀. Ni wọ́n bá yíjú sí mi: kí ni ìyá tí kò gbọ́ Faransé máa ṣe? Mo ní màá kọ́ ọ, ọkọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ẹ má bi mí ibi tí mo bá a dé.

Iṣẹ́ àṣetiléwá gan-an ni mo fi mọ ohun tí mo tọrùn bọ̀. Tí bàbá wọn bá wà níbi iṣẹ́ alẹ́, fóònù ni mo fi ń ya ìwé náà kó lè túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ á máa wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn. "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀, màá dúró de Dádì."

Àwọn tíṣà dára. Kamẹrúùnù, Kóńgò, Haiti, Algeria, Quebec, ibi gbogbo ni wọ́n ti wá, inú mi sì máa ń dùn pé ọmọ ń rí tíṣà aláwọ̀ dúdú lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n tíṣà tó lè fi Faransé kọ́ni ò tó nǹkan ní Ontario. Lọ́dún kejì, tíṣà mẹ́ta ló jẹ ní kíláàsì kan ṣoṣo, ìwé kíkà ọmọ sì wálẹ̀ títí a fi padà sí i nílé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ò sì pọ̀, nítorí náà ọ̀nà jìn. Aago méje àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ń gbé e. Tí yìnyín bá pọ̀, wọ́n á ní bọ́ọ̀sì ò ní wá, kí òbí wá nǹkan ṣe sí i. Ẹni tí kò ní mọ́tò, kó rò ó dáadáa.

Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, wọ́n máa ń wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun, àwọ̀ àsíá àwọn elédè Faransé Ontario. Ìtàn tí ọmọ gbé wálé lọ́jọ́ náà lọ́dún tó kọjá ni mi ò lè gbàgbé. Ní 1912, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin tó lé Faransé kúrò nínú kíláàsì lẹ́yìn ọdún méjì àkọ́kọ́. Ní 1916, ní ilé-ẹ̀kọ́ Guigues ní Ottawa, àwọn ìyá fi abẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n fi ń de fìlà mọ́ irun ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ọlọ́pàá má baà rí àwọn tíṣà lé. Abẹ́rẹ́ fìlà o! Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá dákẹ́.

Ìdí tí mo fi dákẹ́ ni pé ìyá ọkọ mi ti pè láti Kétu lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ gba fóònù, ó bú sí Faransé. Màmá ní, "Ìyàwó mi, ọmọ wa ń fọhùn bí aṣọ́bodè." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Láti ìgbà náà, Yorùbá nìkan la ń sọ nídìí oúnjẹ alẹ́. Bàbá wọn ló máa ń ṣẹ̀ jù.

Àbúrò rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀. A ti di ọmọ ìlú báyìí, abala 23 kan náà sì sọ pé bí ọmọ ìlú bá ti ní ọmọ kan tó ń fi Faransé kàwé níbí, ó lè mú gbogbo àwọn yòókù wá, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ mọ́. Fọ́ọ̀mù ló kù. Níbi tí wọ́n ti béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé, Faransé nìkan ni bàbá wọn kọ nígbà ti ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ló ń bà á. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo mú bírò. Mo kọ Yorùbá síwájú, Faransé tẹ̀ lé e.